Ǹjẹ́ Ire Kan Wà Tí Kò Ní Ààlà?

Nínú gbogbo òwe tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa, ó ṣòro láti rí èyí tí ó yá ẹnu wa tó "Tibi tire la dá ilé ayé", ó sì ṣòro bákan náà láti rí èyí tí ìṣe wa ojoojúmọ́ ń ta kò tó o. Bí a bá kúnlẹ̀ àdúrà, ṣe ni a ń la ayé sí méjì, tí a ń kó ire sí apá ọ̀tún, tí a ń kó ibi sí apá òsì, tí a sì ń bẹ Ẹlẹ́dàá pé kí Ó run gbogbo ohun tí ń bẹ ní òsì láìku ẹyọ kan, kí Ó sì sọ ti ọ̀tún di púpọ̀ títí yóò fi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Bí a bá sì dìde lórí ìkúnlẹ̀, tí a wọ ọkọ̀ èrò, a kì í pẹ́ bá ẹni tí ń polówó oògùn gbogboǹṣe pàdé níbẹ̀, tí ó dìde dúró láàárín èrò, tí ó fi ọwọ́ kan di irin ọkọ̀ mú, tí ó fi ọwọ́ kejì gbé ìgò sókè, tí ó ń sọ fún wa pé ọ̀tá kan ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí ń sọ wá di arúgbó láìtọ́jọ́, pé ohun tí ó wà nínú ìgò náà ni àwọn òyìnbó ń pè ní antioxidant, pé òun ni yóò pa ọ̀tá náà, àti pé bí a bá ti mu ún pọ̀ tó ni ara wa yóò ti le tó.

Ẹni tí ó kúnlẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ẹni tí ó ra ìgò ní ọ̀sán, ìgbàgbọ́ kan náà ni wọ́n jọ ní, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀: wọ́n gbà pé ire a máa jẹ́ ire níbikíbi tí a bá gbé e sí, iyekíye tí a bá bù nínú rẹ̀, àti pé ibi kò ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń ṣe ju ibi lọ. Ìgbàgbọ́ yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé: ǹjẹ́ inú ohun kan fúnra rẹ̀ ni ire rẹ̀ ń gbé, tàbí àyè tí ohun náà dúró sí, àti ìwọ̀n tí ó fi dúró níbẹ̀, ni ó ń sọ ọ́ di ire? Àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń jiyàn lé e lórí láti ayébáyé láìsí onídàájọ́ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 70 ọdún sẹ́yìn ni ìbéèrè náà ti kúrò lórí ẹní àwọn ọlọ́gbọ́n, tí ó wọ ilé ìwádìí àti ilé ìwòsàn, tí a sì fi ẹ̀mí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wọ̀n ọ́n wò.

Kí a tó sọ ọ̀rọ̀ antioxidant, adáàbòbò inú ìgò náà, ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni náà kì í sì í ṣe àjèjì. Afẹ́fẹ́ ni: àlejò tí kì í kan ilẹ̀kùn, a-wọ̀lú-má-sanwó-ibodè, olówó orí gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, ọ̀rẹ́ tí a kò gbọdọ̀ yà nù fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ilé má baà di ilé ọ̀fọ̀. Ní ọdún 1774, Joseph Priestley, oníwàásù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó fẹ́ràn láti máa tọ pinpin àwọn ohun tí Ọlọ́run dá, rí apá afẹ́fẹ́ tí a wá mọ̀ sí ọ́síjìn yà sọ́tọ̀. Ó kíyè sí i pé iná àbẹ́là a máa jó nínú rẹ̀ ju bí ó ti ń jó nínú afẹ́fẹ́ lásán lọ. Ó fi eku sínú rẹ̀, eku náà pẹ́ láyé ju bí ó ti rò lọ. Òun alára fà á símú, àyà rẹ̀ sì fúyẹ́. Síbẹ̀, nínú ayọ̀ yìí, ẹ̀rù ohun kan bà á: ó rò ó pé bí àbẹ́là ti ń yára jó tán nínú afẹ́fẹ́ àtàtà yìí, bóyá bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn tí ó bá ń mí i nìkan yóò ṣe yára lo ọjọ́ ayé rẹ̀ tán. Ọjọ́ tí a mọ ọ̀rẹ́ náà ni a ti fura sí i.

Ìfura náà kò ṣìnà. Oúnjẹ tí a ń jẹ, ọ́síjìn ní í bá wa jó o nínú ara kí a tó rí agbára lò, ṣùgbọ́n nínú ìjóná yìí díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa jáde láìpé: àwọn ohun tín-ín-tìn-ín tí a ń pè ní electron, tí ó yẹ kí wọ́n máa rìn ní méjì méjì, ọ̀kan a sọ èkejì rẹ̀ nù. Èyí tí ó bá ti sọ èkejì rẹ̀ nù kò ní ìsinmi mọ́. A máa já ti aládùúgbò rẹ̀ gbà, aládùúgbò náà a sì kọjú sí ẹlòmíràn, títí ìjà yóò fi ràn láti ara ọ̀rá dé ara èròjà amúaradàgbà, títí dé ara àkọsílẹ̀ àjogúnbá tí ń bẹ nínú sẹ́ẹ̀lì. Free radical ni àwọn onímọ̀ ń pe irú wọn. Èérún oníjàgídíjàgan ni èmi yóò máa pè wọ́n. Àwọn ni wọ́n ń mú kí epo tí ó pẹ́ nílẹ̀ yí òórùn padà. Antioxidant, tí èmi yóò máa pè ní adáàbòbò, ni ohunkóhun tí ó lè fún oníjàgídíjàgan ní ohun tí ó ń wá, kí òun fúnra rẹ̀ má sì di jàǹdùkú.

Ní ọdún 1954, Rebeca Gerschman, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà tí ó ń ṣe ìwádìí ní Rochester ní Amẹ́ríkà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sọ pé gbòǹgbò kan náà ni ìpalára tí àpọ̀jù ọ́síjìn ń ṣe àti ìpalára tí ìtànṣán X-ray ń ṣe ti hù jáde. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1956, Denham Harman, ẹni tí ó ti fi ìmọ̀ kẹ́místrì ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì Shell kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí ẹnì kan kò gbé e dé rí. Àwọn àgbà wa ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Harman ní ọjọ́ ogbó gan-an pàápàá ní ohun tí ó ń fà á, àti pé àwọn èérún wọ̀nyí ni wọ́n ń jẹ wá díẹ̀díẹ̀ láti inú wá. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Nígbà tí ó sì di 1969, tí Joe McCord àti Irwin Fridovich ní Yunifásítì Duke rí i pé ara fúnra rẹ̀ ní èròjà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa pẹ̀tù sí ọ̀kan nínú àwọn èérún náà lọ, ọ̀rọ̀ di òtítọ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí onílé kì í gba ọlọ́dẹ sí ẹnu ọ̀nà bí kò bá sí olè ní àdúgbò.

Láti ibẹ̀ lọ, èrò àwọn onímọ̀ tò tẹ̀léra láìsí ibi tí ó ti yẹ̀. Fítámìnì C, fítámìnì E àti beta-carotene, àwọ̀ tí ó sọ kárọ́ọ̀tì di pupa rúsúrúsú tí ó sì fún epo pupa wa ní ẹwà rẹ̀, gbogbo wọn ni ó ń pẹ̀tù sí èérún oníjàgídíjàgan nínú ìgò àyẹ̀wò. Àwọn tí wọ́n sì ń jẹ ẹ̀fọ́ àti èso dáradára kì í sábà ní àrùn jẹjẹrẹ tó àwọn tí kì í jẹ ẹ́. Ní 1981, Richard Peto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè nínú ìwé ìròyìn Nature bóyá beta-carotene inú oúnjẹ lè dín àrùn jẹjẹrẹ kù láwùjọ, wọ́n sì ṣe é ní ìbéèrè ní tòótọ́, wọn kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ṣùgbọ́n ọjà kì í dúró de ìdáhùn. Linus Pauling, àgbà onímọ̀ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1954 fún kẹ́místrì àti ní 1962 fún àlàáfíà, ti gbé ìwé kan jáde ní 1970 tí ó fi ń rọ gbogbo ayé láti máa lo fítámìnì C lọ́pọ̀ yanturu. Ọ̀rọ̀ náà wá di ohun tí a lè kà bí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́: ọ̀tá ń pa wá, ẹni tí ó bá pa ọ̀tá ni olùgbàlà, bí olùgbàlà bá ti pọ̀ tó ni ìgbàlà yóò ti pọ̀ tó. Èmi kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín èyí àti ohun tí a ń pariwo lórí òkè àdúrà, àfi pé àwọn onímọ̀ ṣe ohun kan tí àwa kì í sábà ṣe: wọ́n gbé ìgbàgbọ́ wọn lọ síbi tí a ti lè já a.

Ilẹ̀ Finland ni ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò ńlá náà ti wáyé. Láti 1985, wọ́n kó àwọn ọkùnrin 29,133 jọ, ẹni 50 ọdún sí 69, amusìgá ni gbogbo wọn. Wọ́n fún àwọn kan ní beta-carotene mílígíráàmù 20 lójúmọ́, wọ́n fún àwọn kan ní fítámìnì E mílígíráàmù 50, wọ́n fún àwọn kan ní méjèèjì, wọ́n sì fún ìyókù ní hóró tí kò ní nǹkan kan nínú, láìjẹ́ pé ẹni tí ń gbé e mì tàbí ẹni tí ń fún un mọ èwo ni èwo. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọ̀kan nínú wọn: ọkùnrin tí ó jí ní òwúrọ̀ òtútù, tí ó gbé hóró rẹ̀ mì kí ó tó ṣáná sí sìgá, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé bí sìgá bá ń ba ẹ̀dọ̀fóró òun jẹ́, ohun kan wà tí ń tún un ṣe tẹ̀lé e. Ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ ni wọ́n fi gbé e mì. Nígbà tí wọ́n ka iye náà ní 1994, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú 100 pọ̀ sí i láàárín àwọn tí wọ́n lo beta-carotene ju láàárín àwọn tí kò lò ó lọ, iye tí ó kú nínú wọn sì fi ìdá 8 nínú 100 ju ti àwọn ìyókù. Ọlọ́dẹ tí a gbà ni ó ṣílẹ̀kùn fún olè.

Àwọn kan ní bóyá èèṣì ni. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fún apá kan nínú àwọn amusìgá àti àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú eruku asbestos, tí gbogbo wọn jẹ́ 18,314, ní beta-carotene pọ̀ mọ́ fítámìnì A, wọ́n ní láti dá ìdánwò náà dúró ní oṣù January 1996, nígbà tí ó ku oṣù 21 kí ó parí, nítorí pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti fi ìdá 28 nínú 100 ga sí i, ikú sì ti fi ìdá 17 ga sí i. Àwọn dókítà 22,071 tí wọ́n fi ara wọn sílẹ̀ fún beta-carotene fún nǹkan bí ọdún 12 kò rí èrè, wọn kò sì rí àdánù. Ìdánwò mìíràn tí ó kó ọkùnrin 35,533 jọ láti wò bóyá fítámìnì E àti selenium yóò dènà jẹjẹrẹ prostate dúró láìpé ọjọ́ ní 2008, nígbà tí ó sì fi di 2011, ó hàn pé àwọn tí a fún ní fítámìnì E nìkan ní àrùn náà ju àwọn tí a kò fún ní nǹkan lọ pẹ̀lú ìdá 17 nínú 100. Ní 2007, àwọn olùwádìí ní Copenhagen kó ìdánwò 68 jọ, tí àwọn ènìyàn inú wọn jẹ́ 232,606. Nínú àwọn èyí tí a fara balẹ̀ ṣe jùlọ, beta-carotene, fítámìnì A àti fítámìnì E kò fi ọjọ́ kún ọjọ́ ẹnikẹ́ni, ikú ni wọ́n fi kún.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, yóò rọrùn fún wa láti yí orúkọ padà, kí a sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá, kí a sì máa bá ìjà wa lọ bí ti àtẹ̀yìnwá. Kò parí síbẹ̀. Ní Linxian, ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí oúnjẹ àwọn ará ìlú kò ti ní irú àwọn èròjà wọ̀nyí tó, wọ́n fún àwọn kan nínú ènìyàn 29,584 ní àdàpọ̀ beta-carotene, fítámìnì E àti selenium, èsì tí ó jáde ní 1993 sì fi hàn pé ikú fi ìdá 9 nínú 100 dín kù láàárín wọn. Beta-carotene kan náà ni. Ibi tí àìní wà, ó gba ẹ̀mí là. Ibi tí ànító wà tí èéfín sìgá sì gbòde, ó gba ẹ̀mí lọ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Èéṣe tí ó fi rí bẹ́ẹ̀? Ìdí kan tí ó lágbára ni pé ẹni tí a pè ní ọ̀tá ní iṣẹ́ nílé. Ní 1973, Bernard Babior àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, jagunjagun tí ń gbèjà ara, a máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe èérún oníjàgídíjàgan jáde kí ó fi pa kòkòrò àrùn. Ní 2009, Michael Ristow àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì ní kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ṣe eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n fún àwọn kan ní fítámìnì C àti E, wọn kò fún àwọn kan: àwọn tí a kò fún ni ara wọn túbọ̀ mọ ṣúgà í lò dáradára, èyí tí í dènà àtọ̀gbẹ, àwọn tí a fún kò rí èrè yẹn, nítorí èérún tí eré ìdárayá ń rú sókè ni ìránṣẹ́ tí ń sọ fún ara pé kí ó múra gírí, adáàbòbò sì ti pa ìránṣẹ́ kí ó tó jíṣẹ́. Ní 2014, ní Gothenburg ní ilẹ̀ Sweden, wọ́n fún àwọn eku tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nínú wọn ní adáàbòbò, jẹjẹrẹ náà yára dàgbà, ó sì yára pa wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà ní èérún tí ń dà á láàmú. Ẹni tí ó bá ń pín ààbò kiri láìwojú yóò fi ààbò bo apànìyàn pẹ̀lú.

Kò yẹ kí a máa wo òkè òkun nìkan, nítorí Ìbàdàn wà nínú ìtàn yìí, ipa tí ó kó kò sì kéré. Èròjà kan ń bẹ nínú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ G6PD, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa sọ adáàbòbò inú sẹ́ẹ̀lì náà di ọ̀tun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ wa, àgàgà ọkùnrin, ni a bí tí èròjà yìí kò tó lára wọn; ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀. Irú wọn lè gbé ayé láìmọ̀, títí ọjọ́ tí ohun kan yóò fi rú èérún sókè nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní 1956, ọdún kan náà tí Harman gbé èrò rẹ̀ jáde, ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé àìtó yìí ni ó ń mú kí oògùn ibà tí ń jẹ́ primaquine fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn kan. Nínú ilé tiwa, káńfọ̀ ni. Ìyá kan ti to aṣọ ọmọ pamọ́ sínú àpótí láti ìgbà tí ó ti bí ti ìṣáájú, ó sì ti sọ hóró káńfọ̀ funfun mẹ́ta mẹ́rin sáàárín wọn kí aáyán má baà jẹ wọ́n. Nígbà tí ó bí ọmọkùnrin, ó tú àpótí, ó wọ ọmọ láṣọ, òórùn náà ṣì ń ta sánsán lára aṣọ. Bí ọmọ náà bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí G6PD wọn kò tó, kì í pẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ yóò fi máa fọ́, tí ẹyinjú àti àwọ̀ ara rẹ̀ yóò fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀; bí wọn kò bá sì tètè gbé e dé ilé ìwòsàn, ìpọ́njú náà lè gun ọpọlọ rẹ̀, kí ó sọ ọ́ di adití tàbí kí ó pa á.

Ẹni tí ó bá rí èyí yóò ní ibi pátápátá ni àìtó yìí, kí Ọlọ́run mú un kúrò ní ìran wa. Ṣùgbọ́n ní 1969, Luzzatto, Usanga àti Reddy, ní Yunifásítì Ìbàdàn, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin kan wò tí ibà ń bá jà, tí wọ́n jogún sẹ́ẹ̀lì méjèèjì pọ̀, èyí tí G6PD rẹ̀ pé àti èyí tí tirẹ̀ kò tó, tí méjèèjì ń ṣàn nínú iṣan kan náà. Sẹ́ẹ̀lì tí ààbò rẹ̀ pé ni kòkòrò ibà kún inú rẹ̀, láti ìlọ́po 2 títí dé ìlọ́po 80 ju èyí tí ààbò rẹ̀ mẹ́hẹ lọ. Ilé tí ògiri rẹ̀ kò lágbára ni olè kò rí gbé. Àìtó tí ó pa ọmọ kan ni ó ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ibà láti ìran dé ìran, òun ni kò sì jẹ́ kí ó parẹ́ láàárín wa. Àwọ̀ tí ń mú kí ẹyinjú ọmọ náà pọ́n gan-an alára, bilirubin, ni àwọn onímọ̀ sọ ní 1987 pé adáàbòbò ni nígbà tí ó bá wà níwọ̀nba: ohun tí ń ṣọ́ ara ni ó di ohun tí ń ba ọpọlọ jẹ́ nígbà tí ó kọjá ìwọ̀n. Artemisinin, oògùn ibà tí Tu Youyou ti ilẹ̀ Ṣáínà fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015, èérún oníjàgídíjàgan ni ó fi ń pa kòkòrò. Irin inú ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò náà ti jẹ ni ó ń tú ìjà sílẹ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo ìyá tí ó ti fún ọmọ rẹ̀ ní oògùn yìí, tí ara ọmọ sì balẹ̀, ni ó ti bẹ ọ̀tá lọ́wẹ̀.

Kí ni kí a wá sọ? Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ ń yá ni pé àwọn baba wa ti mọ gbogbo èyí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òwe wọn jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n òwe kì í ka mílígíráàmù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè fi "Tibi tire" nìkan mọ̀ pé Linxian yóò rí ìyè níbi tí Finland ti rí ikú. Ohun tí ó tọ́ kí a fi yangàn nínú ogún wa jìn ju ìyẹn lọ: bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ní í mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Kì í ṣe ìdáhùn ni a jogún níbẹ̀, àṣà pé kí a padà lọ béèrè ni, kódà nígbà tí ìdáhùn àná dùn mọ́ wa. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀sìn ìbílẹ̀ kì í sì í rúbọ láìyọ ti Èṣù sọ́tọ̀. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ pé Láàlú ọkùnrin oríta lè da ilé rú, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ẹbọ tí kò bá ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá kò ní dé ibi tí à ń rán an. Wọn kò ní kí a pa á run. Ìpín rẹ̀ ni wọ́n ní kí a mọ̀.

Ìdáhùn kejì léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ: pé bí ó bá rí báyìí, ire àti ibi kò yàtọ̀ síra, kí oníkálukú máa ṣe bí ó ti wù ú. Ìṣìnà gbáà ni. Èérún kò ní ọkàn, kò sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ẹnikẹ́ni. Ìkà ènìyàn mọ̀. Ẹni tí ó ń ta sìgá fún ọmọdé, ẹni tí ó mọ̀ pé ìgò òun kò wo nǹkan kan tí ó sì ń fi orúkọ sáyẹ́ǹsì polówó rẹ̀ fún aláìsàn, a kò ní torí pé ọ́síjìn ní ojú méjì kí a wá máa wá ire inú iṣẹ́ wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ire bá wà ní àyè àti ní ìwọ̀n, a jẹ́ pé ó ní àyè kan pàtó àti ìwọ̀n kan pàtó, a sì lè ṣìnà rẹ̀. Àwọn amusìgá Finland kò kú nítorí èrò ọkàn ẹnikẹ́ni. Wọ́n kú nítorí pé ìdáhùn kan wà, a kò sì tíì mọ̀ ọ́n.

Àwọn ẹlẹ́sìn lè bi mí pé, ǹjẹ́ Ọlọ́run kò dá ohun gbogbo dáradára? Ó dá a bẹ́ẹ̀. Bíbélì kọ́ni pé Ó wo iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ̀, Ó sì rí i pé ó dára; Kùránì kọ́ni pé ìwọ̀n ni Ó fi dá ohun gbogbo; lójú tèmi, ẹ̀rí kan náà ni méjèèjì ń jẹ́, nítorí ohun tí a dá pẹ̀lú ìwọ̀n, inú ìwọ̀n rẹ̀ ni dídára rẹ̀ wà. Nítorí náà ni àdúrà tí ń bẹ Ọlọ́run kí ó pa gbogbo ọ̀tá láìku ọ̀kan fi ń kọ mí lóminú. Ẹni tí ń bu ẹnu àtẹ́ lù wá, bóyá òun ni ìránṣẹ́ tí ń sọ fún wa pé kí a múra gírí. Ìnira tí a ń gbààwẹ̀ lé lórí, bóyá òun ni ó ń kọ́ iṣan ìgbé-ayé wa ní agbára. N kò sọ pé kí a fẹ́ràn ìyà, n kò sì sọ pé kí ẹni tí wọ́n ń lù máa dúpẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a tó bẹ̀bẹ̀ fún ìparun ohunkóhun, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Ní ti oúnjẹ, kò sí ìkankan nínú àwọn ìdánwò wọ̀nyí tí ó ní kí a fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ sílẹ̀. Adáàbòbò inú wọn ń bá ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé níwọ̀nba tí ara lè gbà, ẹni tí dókítà bá sì sọ fún pé fítámìnì kan kò tó lára rẹ̀, kí ó lò ó bí wọ́n ti wí. Àwọn olùwádìí pàápàá ti kúrò níbi pé kí a rọ òjò adáàbòbò sórí gbogbo ènìyàn. Ibi tí wọ́n dorí kọ nísinsìnyí ni ìbéèrè nípa ẹni tí àìní bá, sẹ́ẹ̀lì wo, àti ìgbà wo. Ọjà kò tíì tẹ̀lé wọn. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké.

Ǹjẹ́ ire kan wà, nígbà náà, tí kò ní ààlà? Láàárín àwọn ohun tí a lè bù sí ìgò tàbí tí a lè kà ní oye, n kò rí ọ̀kan. Ìgboyà tí ó kọjá ààlà di ìwà wèrè, ọrẹ tí ó kọjá ààlà di òfò, àní àṣejù ni baba àṣetẹ́ nínú ẹ̀sìn pàápàá. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ìwà lẹ̀sìn, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà, nítorí ìwà kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ohun tí à ń wọ̀n. Òun gan-an ni ó ń mú òṣùwọ̀n dání. Ẹni tí ó bá ní i kò lè ní i ju bó ti yẹ lọ, nítorí mímọ ohun tí ó yẹ ni ìwà. Àwọn olùwádìí Finland ti ná ọdún púpọ̀ lórí ìrètí pé àwọn yóò gba àwọn ènìyàn wọn là. Nígbà tí iye náà jáde ní òdìkejì ohun tí wọ́n ń retí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé kà, wọn kò fi pamọ́, wọn kò sì yí i. Hóró tí wọ́n fún àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ní ààlà, ó sì ti kọjá rẹ̀. Òtítọ́ tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ ni ó ń dáàbò bo àwọn amusìgá ní gbogbo ilẹ̀ ayé títí di òní.